Ìwé Odò Tí Wọ́n Fi Bírò Tún Kọ

Ohun àkọ́kọ́ tí bàbá rẹ̀ kọ́ ọ nípa iṣẹ́ náà ni pé kò gbọdọ̀ fi bírò ṣe é. Bàbá náà fi ojú ìwé kan hàn án, èyí tí òjò pa nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Gbogbo rẹ̀ ti di búlúù, kò sí ohun tí ojú lè kà níbẹ̀ mọ́. Ó ní, "Bírò a máa sunkún tómi bá kàn án. Pẹ́ńsù kì í sunkún." Ó kó ìwé, pẹ́ńsù àti ọ̀bẹ kékeré tí wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ lé e lọ́wọ́, ó sì lọ jókòó. Kò tún sọ̀kalẹ̀ lọ sétí odò mọ́ títí tó fi kú.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Òpó irin kan wà nínú odò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn ilé wọn. Wọ́n kùn ún ní funfun àti pupa, wọ́n sì kọ nọ́ńbà sí i lára láti ìsàlẹ̀ títí dé mítà mẹ́rin. Ní aago mẹ́fà àárọ̀ àti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ó gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀, kó wo ibi tí omi dé lára òpó, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ omi ló ni òpó, òun náà ló ni ìwé. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń rán ẹnì kan wá wò bóyá òpó ṣì dúró. Bóyá ẹni tó ń kà á ṣì dúró, wọn kì í bèèrè.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti fi ṣe é. Àdúgbò kì í pè é lórúkọ mọ́, Ìyá Olópòó ni gbogbo wọn ń pè é. Àwọn aláwàdà a máa bi í pé ṣé òpó yìí ló wá fẹ́ ẹ sílé ni. Òun náà a máa dá wọn lóhùn pé òpó kì í mutí, kì í lu obìnrin, ẹni tó bá mọ ọkọ tó sàn ju ìyẹn lọ kó mú un wá kí òun rí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀ gan-an, nígbà tí aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó dìde láàárín àlejò, ó sì fi aṣọ ọ̀fọ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ sódò. Ìyá ọkọ rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan tó korò. Mítà méjì àbọ̀ ló kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n òpó ní ibi tó parí sí. Nígbà tí omi bá kún bo orí rẹ̀, kò sí nọ́ńbà tí èèyàn máa kà. Bàbá rẹ̀ kò kọ́ ọ ní ohun tó máa ṣe nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ láyé tirẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló dá ọgbọ́n tirẹ̀ sí i. Àtẹ̀gùn òkúta mọ́kànlá ló ti etí odò gòkè wọ ilé wọn. Tí òpó bá ti rì, àtẹ̀gùn ló fi ń wọn omi. Kò ní kọ nọ́ńbà sínú ìwé lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ ló máa kọ: "Omi bo òpó. Ó dé àtẹ̀gùn kẹta."

Ní ogún ọdún àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún mọ́kànlá tó tẹ̀ lé e, ìgbà mọ́kàndínlógún ni. Èyí tó kẹ́yìn nínú wọn dé àtẹ̀gùn kẹsàn-án. Ilé méjìlá ti wó sínú odò lápá ìsàlẹ̀ àdúgbò, títí kan ilé alágbẹ̀dẹ, títí kan yàrá kan tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti kọ́kọ́ gbé nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Téèyàn bá gun àtẹ̀gùn kọkànlá tán, inú pálọ̀ rẹ̀ ló bọ́ sí yẹn.

Nígbà tí ọ̀gá kan láti iléeṣẹ́ ìjọba dé lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ àyẹ̀wò, Ìyá Olópòó rò pé wọ́n fẹ́ dá òun dúró lẹ́nu iṣẹ́ ni. Ọkùnrin náà de táì mọ́ ọrùn nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Onítáì ló ń jẹ́ lẹ́nu obìnrin náà láti ọjọ́ náà. Ó ṣàlàyé pé gbogbo orílẹ̀-èdè ayé fẹ́ pàdé lórí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tó ń yí padà. Àwọn tí ilé iṣẹ́ wọn ti ń tú èéfín sójú ọ̀run láti ayé baba ńlá wọn ti gbà, lẹ́yìn àríyànjiyàn ọ̀pọ̀ ọdún, pé àwọn á bá àwọn tí omi ń lé kiri kọ́ odi tí yóò dá omi dúró. Ohun kan ni wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ rí: kí orílẹ̀-èdè tó fẹ́ odi mú àkọsílẹ̀ ọgbọ̀n ọdún wá, tó fi hàn pé omi rẹ̀ ń ga sí i. Iléeṣẹ́ ti wá gbogbo odò tó wà nílẹ̀ yìí kiri. Níbì kan, òpó ti wó. Níbòmíràn, ẹni tó ń kà á ti kú. Níbì kan, eku ti jẹ ìwé. Ti Ìyá Olópòó nìkan ló pé.

"Tí wọ́n bá gba ìwé yín, Mà, wọ́n á ti kọ́ odi síbí kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó dé," ni Onítáì wí.

Ìyá Olópòó wọlé, ó fa àpótí páànù kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìwé méjìlélọ́gọ́ta ló wà nínú rẹ̀, méjì fún ọdún kọ̀ọ̀kan, ó fi ọ̀rá wé ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó wé ọmọ tuntun. Ó ní kí wọ́n má jẹ́ kó sọnù, pé òun ò ní òmíràn. Onítáì fọwọ́ sí ìwé pé òun gbà á. Ó tún ní kí obìnrin náà bá àwọn lọ sí àpérò ọ̀hún, nítorí wọ́n fẹ́ràn láti máa rí ojú mẹ̀kúnnù níbẹ̀. Ọmọbìnrin Ìyá Olópòó, tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ló gbà láti máa ka òpó dè é. Nígbà tí wọ́n ń dágbére, ó ní kí Nọ́ọ̀sì ka ohun tó kọ ní àárọ̀ ọjọ́ náà sí òun létí, ó sì ní kó pa á rẹ́, kó padà lọ wò ó dáadáa.

Àpérò náà wà nínú gbọ̀ngàn kan tó tóbi débi pé èèyàn lè sọnù nínú rẹ̀ kó má rí ẹni bi. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ bí ẹni pé wọ́n ń tọ́jú ẹja tútù síbẹ̀. Gbogbo ènìyàn so káàdì mọ́ ọrùn. Wọ́n fún un ní ògbufọ̀ kan, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń sọ̀rọ̀ sí i létí láìgbé ohùn sókè. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀. Ohun tí àwọn orílẹ̀-èdè kò bá tíì fẹnu kò lé lórí, wọ́n á fi àmì àkámọ́ há a mọ́ inú ìwé àdéhùn, bí ewúrẹ́ tó jẹ oko olóko. Ìgbà tó sú u, ó ní kí ògbufọ̀ fi ibi tí ọ̀rọ̀ odi wà han òun. Ọmọbìnrin náà ṣí ìwé, ó fi ìka tọ́ka sí i. Inú àkámọ́ ló wà. Ó ti wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́fà.

Láàárín ọdún mẹ́fà náà, ilé mẹ́jọ ti lọ.

Aṣojú orílẹ̀-èdè kan tí ilé iṣẹ́ pọ̀ sí ló ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nígbà náà. Ó ń rọ gbogbo ilé pé kí wọ́n má kánjú, pé ohun tí a bá fi sùúrù ṣe ló ń dára. Ìgò omi mẹ́ta ló mu kó tó parí rẹ̀. Ìyá Olópòó bi ògbufọ̀ pé ṣé ọkùnrin yìí ní ilé létí odò. Ògbufọ̀ ní òun ò rò bẹ́ẹ̀. Ìyá Olópòó ní òun náà ò rò bẹ́ẹ̀.

Ní Ọjọ́rú, wọ́n pe Ìyá Olópòó àti Onítáì síwájú àwọn mẹ́ta tó ń yẹ ìwé wò. Obìnrin kan tí gbogbo irun rẹ̀ ti funfun ló jókòó sáàárín. Àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè mìíràn jókòó sẹ́yìn, ọkùnrin onígò mẹ́ta wà lára wọn. Onítáì to ìwé sórí tábìlì.

Ìyá Olópòó kọ́kọ́ rò pé ti odò ẹlòmíràn ni. Ẹ̀yìn ìwé náà le, ó ń dán, wọ́n fi lẹ́tà aláwọ̀ wúrà kọ nǹkan sí i. Ó ṣí ọ̀kan. Ọjọ́ tó wà níbẹ̀ jẹ́ ọjọ́ tirẹ̀, nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n bírò ni wọ́n fi kọ ọ́, ọwọ́ ìkọ̀wé náà sì rí roboto bíi ti olùkọ́ iléèwé. Ó bi Onítáì léèrè kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Onítáì rẹ́rìn-ín, ó ní akọ̀wé méjì ló fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dà á kọ. Ti tẹ́lẹ̀ ti dọ̀tí, ó ń rùn, pẹ́ńsù sì ni. Ṣé irú ẹ̀ ló yẹ ká gbé síwájú gbogbo ayé?

Obìnrin onírun funfun bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ní àwọn ti yẹ ìwé náà wò, ó sì dára lójú. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ọjọ́ mọ́kànlélógún wà tó jẹ́ ìlà lásán ni wọ́n fà síbẹ̀. Àwọn gbà pé ọjọ́ tí ẹni tó ń ka òpó kò wá síbi iṣẹ́ nìyẹn. Kí ló dá a dúró?

Ìyá Olópòó ń wá ọjọ́ kan nínú ìwé. Ó mọ ọjọ́ náà bó ṣe mọ ọjọ́ tó bí Nọ́ọ̀sì. Ìrọ̀lẹ́ ni, omi dé e láyà, ó so okùn mọ́ ìbàdí, Nọ́ọ̀sì di ìdí okùn mú lẹ́nu ọ̀nà, òun sì fi eyín há ìwé nínú ọ̀rá kó lè ráyè fọwọ́ ka àtẹ̀gùn lábẹ́ omi. Mẹ́sàn-án. Ó rí ọjọ́ náà. Ìlà kékeré kan ló wà níwájú rẹ̀, tí wọ́n fi rúlà fà, tó sì gún régé.

"Nọ́ńbà nìkan la ní kí wọ́n dà kọ," ni Onítáì sọ sí i létí. "Ọ̀rọ̀ lẹ kọ síbẹ̀ yẹn, Mà. Ọ̀rọ̀ kì í ṣe nọ́ńbà."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé gbogbo ọjọ́ tí odò kún bo òpó ni wọ́n ti yọ kúrò nínú ìwé tí wọ́n gbé wá fi hàn pé odò ń kún. Ohun tó kù jẹ́ ìwé odò pẹ̀lẹ́tù kan tí kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Èkejì nínú àwọn mẹ́ta náà ti yí ìwé ọdún àkọ́kọ́ dojú dé. Ó fi àmì àwọn tó tẹ̀ ẹ́ han ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ọdún yìí ni wọ́n tẹ ìwé tó yẹ kó ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ọkùnrin onígò mẹ́ta yọ bírò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan. Onítáì tọrọ ìsinmi díẹ̀.

Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, Onítáì ń làágùn nínú òtútù yẹn. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, Ìyá Olópòó rí ìyẹn. Onítáì ní kó bá òun sọ fún wọn pé Ìyá Olópòó fúnra rẹ̀ ló dà á kọ nígbà tí ti àtijọ́ bà jẹ́, àti pé ara rẹ̀ kò yá láwọn ọjọ́ mọ́kànlélógún náà. "Àìsàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, Mà. Odi la fẹ́."

Ìyá Olópòó rò ó wò. Irọ́ kékeré ni, odi sì tóbi. Bóyá wọ́n á gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun sùn sílé lọ́jọ́ tí omi gbé ilé alágbẹ̀dẹ lọ ti sọ pé omi kankan ò gbé ilé alágbẹ̀dẹ lọ nìyẹn. Láti ọjọ́ tó ti mọ Onítáì, "ẹ" ló fi ń bá a sọ̀rọ̀ nítorí ipò rẹ̀. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ló yí i padà.

"O fẹ́ kí n lọ bá wọn sọ pé omi ò wá," ó ní. "Ìwọ, pẹ̀lú táì lọ́rùn ẹ."

Ó kọjá lára rẹ̀, ó padà wọlé.

"Ọwọ́ mi kọ́ ló kọ èyí," ó sọ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. "Pẹ́ńsù ni mo fi kọ tèmi, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ mọ́kànlélógún tí ẹ ní mi ò wá síbi iṣẹ́, mo wá. Ibi iṣẹ́ ni kò sí mọ́. Abẹ́ omi ló wà."

Ó rò pé òun ti parí ọ̀rọ̀, àṣé kò tíì parí.

"Ẹ̀ ń bèèrè ìwé lọ́wọ́ wa. Ẹni tí omi gbé ilé ẹ̀ lọ, inú kí ló fẹ́ tọ́jú ìwé sí? Àwa kọ́ la tú èéfín, àwa náà la tún máa ru ẹ̀rí wá pé ó ń pa wá. Àwọn tó tú u, ta ló bèèrè ìwé tiwọn lọ́wọ́ wọn?" Kò wo ọkùnrin onígò mẹ́ta. Kò ní ìdí láti wò ó.

Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀, kò sì bomi là á. Obìnrin onírun funfun bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi aṣọ nù ún fún ìgbà pípẹ́. Ó ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni àpérò máa parí. Tí ojúlówó ìwé náà bá dé kó tó di ìgbà náà, àwọn á wò ó.

Ìyá Olópòó pe Nọ́ọ̀sì lórí fóònù pé kó lọ wá àpótí náà. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, iléeṣẹ́ ìjọba ló gbà lọ. Wọ́n ní kó lọ sí yàrá kẹrin, yàrá kẹrin ní kó lọ sí yàrá kẹsàn-án, yàrá kẹsàn-án ní ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀ ti lọ jẹun. Òun fúnra rẹ̀ ló rí àpótí páànù náà nínú yàrá ìkẹ́rùsí, lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù tó ń jò. Wọ́n ti fi bọ́kẹ́ẹ̀tì kan lé orí rẹ̀ kó lè máa gba omi. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ti kún tipẹ́, ó ti ń ṣàn sínú àpótí, ẹnì kan sì ti tú gbogbo ọ̀rá tí wọ́n fi wé ìwé dànù. Òǹtẹ̀ pupa iléeṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ìwé kọ̀ọ̀kan ti ṣàn bí ojú ọgbẹ́. Nọ́ọ̀sì ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ohun tí pẹ́ńsù kọ ṣì wà níbẹ̀. Ó ya fọ́tò ọjọ́ mọ́kànlélógún náà, ó fi ránṣẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n gbé fóònù náà síwájú àwọn mẹ́ta. Ọkùnrin onígò mẹ́ta na ọwọ́ sókè. Ó ní òun kẹ́dùn púpọ̀, ṣùgbọ́n òfin sọ pé ìwé, kò sọ pé fọ́tò ìwé. Orílẹ̀-èdè kan dá a lóhùn, òmíràn gbè é lẹ́yìn. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá, títí agogo fi lù. Obìnrin onírun funfun sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni tí ojú ń tì: ó di ọdún tó ń bọ̀. Nínú gbọ̀ngàn ńlá, wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ fún ara wọn pé àpérò ti yọrí sí rere, wọ́n sì ń tò láti ya fọ́tò. Fọ́tò tiwọn, òfin gbà á.

Ọjọ́ tí Ìyá Olópòó délé gan-an ló lọ gbé àpótí rẹ̀ ní iléeṣẹ́ ìjọba. Orí ló fi rù ú jáde. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ní kó fi ìwé àṣẹ han òun, obìnrin náà ní kó lọ gbà á lọ́wọ́ omi.

Ọdún tó ń bọ̀ tí wọ́n wí dé, òjò ló sì kọ́kọ́ mú un dé. Ìyá Olópòó kọ ọ́ sínú ìwé: "Omi bo òpó. Àtẹ̀gùn kẹwàá. Ilé télọ̀ ti lọ."

Nígbà tí omi fà díẹ̀, Onítáì dé. Kò de táì. Ó mú lẹ́tà kan dání láti ọ̀dọ̀ obìnrin onírun funfun: kí ojúlówó ìwé má bàa tún kúrò nílé, àwọn máa gba àdàkọ, tó bá jẹ́ pé etí òpó gan-an ni wọ́n ti dà á kọ, lójú ẹni tó ń kà á, láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, tí àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí gbogbo ojú ìwé. Ó kó ìwé tuntun wá. Bírò mẹ́ta wà nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀.

Ìyá Olópòó yọ bírò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò níbẹ̀. Ó fún un ní pẹ́ńsù àti ọ̀bẹ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni ọkùnrin náà fi jókòó sórí àtẹ̀gùn kẹrin, tó ń kọ, tí Ìyá Olópòó jókòó lókè rẹ̀ tó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó sọ fún un pé wọ́n tún lè ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Onítáì ní òun mọ̀. Nígbà tó dé ọjọ́ àtẹ̀gùn kẹsàn-án, ó dúró.

"Mà, ẹ kọ ọ́ síbí pé ilé alágbẹ̀dẹ ti lọ. Ṣé kí n kọ ìyẹn náà? Wọn ò bèèrè ẹ̀."

"Kọ ọ́."

Ó kọ ọ́. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lù. Ìyá Olópòó mú ìwé tọdún yìí, ó ní kí Onítáì sọ̀kalẹ̀ lọ wo òpó fún òun. Onítáì ká ṣòkòtò sókè, ó wọ inú omi, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó, ó sì pe nọ́ńbà tó rí sókè ketekete.

Ìyá Olópòó ò kọ ọ́. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ wò ó fúnra rẹ̀ ná.